Èédú àti Iyọ̀ Lẹ́yìn Yàrá Ìyàwó

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́, ẹ fìdí balẹ̀, kí ẹ sì gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Èmi Jímọ̀, oníṣẹ́ iná ni mí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú títí di ọjọ́ tí orúnkún mi ní òun ò gun àkàbà mọ́, wáyà ni mo ń fà kiri àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kí gílóòbù ṣáà ti tàn ni iṣẹ́ iná, ẹ bá mi wò ó láti òkè délẹ̀, kí ẹ sì kọjá lọ. Ta ni kò lè tan gílóòbù? Iṣẹ́ gidi wà lọ́dọ̀ wáyà kan báyìí tí kì í tan nǹkan kan, tí kì í yí fáànù, tí kì í mú omi tutù, tí onílé kì í sì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ́ẹ̀tì là ń pè é. Òun ni wáyà tó wọlẹ̀ lọ. Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé Alàájì ká lójú mi.

Ìjọba òyìnbó ò tíì kógbá wọlé nígbà tí bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Àjàyí ní Olódò. Bí wọ́n ṣe gbà mí ò gba àròyé: bàbá mi kí wọn, èmi dọ̀bálẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Ọ̀gá, mùsùlùmí ni àwa. Wọn ò ní kí n má kírun o, ṣùgbọ́n bí mo bá pẹ́ díẹ̀ nídìí àlùwàlá, màá gbọ́ ohùn wọn láti inú ṣọ́ọ̀bù: "Jímọ̀! Ṣé òkú lò ń wẹ̀ níbẹ̀ ni?"

Ọ̀gá le koko. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi kì í ṣe wáyà, ẹ̀yìn ọwọ́ ni. Wọn ò gbà kí ọmọ iṣẹ́ kankan fi àtẹ́lẹwọ́ kan irin tí kò bá mọ ìwà rẹ̀. A ó kọ́kọ́ pa iná, a ó yọ fíúsì, a ó sì tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, torí wọ́n ní èèyàn lè purọ́, súìṣì náà lè purọ́. Bí iná bá gbé èèyàn ní àtẹ́lẹwọ́, ìka á ká mọ́ irin, kò ní lè jù ú sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ọwọ́, ọwọ́ á ta dànù. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹni tó bá sì gbàgbé, orí ìka rẹ̀ ni igi òòlù Ọ̀gá máa ń bà sí.

Àṣà yẹn wọ̀ mí lára débi pé mo gbé e délé. Ìyá mi gbé ẹ̀bà fún mi, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àwo ná. Wọ́n figbe ta: "Jímọ̀, ṣé májèlé ni mo sè ni?" Mo fẹ́ ṣílẹ̀kùn, ẹ̀yìn ọwọ́. Mo fẹ́ gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yìn ọwọ́. Èyí tó burú jù ni ọjọ́ tí wọ́n mú mi lọ rí bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ní Ìrókò. Bàbá na ọwọ́ sí mi, ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo fi kàn wọ́n, mo sì yára fà á padà. Bàbá wo ọwọ́ ara wọn, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Ọmọ yìí, ṣé mo gbóná ni?" Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá mi tó tètè bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ni mo fẹ́, òun ló wà nínú yàrá yẹn tó ń fi mí rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Lẹ́yìn ẹ̀yìn ọwọ́ ni ẹ́ẹ̀tì wá kàn. Ọ̀gá ní iná ò lọ́rẹ̀ẹ́, ibi tó ti jáde ló ń wá bí yóò ṣe padà sí. Ìdí ẹ́ńjìnnì tó ń pèsè iná ló ti wá, ìdí ẹ́ńjìnnì ló ń lọ, ẹni tó bá sì dúró lójú ọ̀nà, ara onítọ̀hún ló máa gbà kọjá. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ la ọ̀nà mìíràn fún un. Ẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ni ti ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀: nínú àwọn wáyà tó jáde lára rẹ̀, a ó so ọ̀kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀, kí iná tó bá ṣìnà wọlẹ̀ lè rí ẹnu ọ̀nà padà sí. Ìkejì ni ẹ́ẹ̀tì ara: gbogbo nǹkan onírin tó ń lo iná, ìbáà ṣe fíríìjì, ìbáà ṣe áyọ́ọ̀nù, a ó so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí wáyà inú rẹ̀ bá bó, tó fara kan irin, iná á sáré gba inú ilẹ̀ padà sídìí ẹ́ńjìnnì, fíúsì á sì já kí èèyàn tó sọ pé kín ni. Ìkẹta ni ti àrá, èyí tó ń ti orí òrùlé bọ̀ wálẹ̀ láti ìta. Ẹni tó bá fa wáyà àrá gba inú ilé kọjá, kó má ṣe sọ pé Ọ̀gá Àjàyí ló kọ́ òun níṣẹ́.

Bí a ṣe máa mú wáyà dénú ilẹ̀ gan-an, ọ̀nà kan ò wọjà. Níbi tí ilẹ̀ bá rọ̀ tó sì tutù, a ó gbá ọ̀pá bàbà wọlẹ̀. Níbi tó bá jẹ́ yangí líle, tí omi kì í dúró, a ó gbẹ́ kòtò, a ó tẹ́ àwo bàbà pẹlẹbẹ sísàlẹ̀ rẹ̀, a ó kó èédú àti iyọ̀ lé e lórí, torí pé àwọn méjèèjì kì í jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ tán. Ní ìlú tí omi ẹ̀rọ bá ti dé, páìpù omi ni àwọn kan máa ń so ó mọ́, nítorí pé inú ilẹ̀ ni páìpù ń gbà lọ kiri.

Páìpù yìí ló mú ìyà jẹ Láníyì, ẹni tí a jọ kọ́ṣẹ́. Onílé kan wà lọ́nà Ẹgbẹ́dá tó kọ́lé tuntun, ilé rèǹtè-rente. Láníyì so ẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìnkùlé, ó nu ọwọ́, ó ní iṣẹ́ parí. Ọ̀gá dé, wọ́n wo ẹ̀rọ omi náà títí, wọ́n wá tú ẹnu rẹ̀. Omi ò jáde. Èèrà ló ń tò jáde, wọ́n tẹ̀lé ara wọn bí èrò ọjà. Ṣé ẹ rí i, omi ẹ̀rọ ò tíì dé àdúgbò náà rárá. Onílé ra ẹnu ẹ̀rọ ní tirẹ̀, ó mọ ọ́n mọ́ ògiri, kí àlejò lè mọ̀ pé òun náà ti dé ipò. Páìpù inú ògiri yẹn ò gùn ju apá mi lọ.

Ọ̀gá ní, "Láníyì, tí iná bá dé ibí, kí ló máa ṣe?"

Láníyì họrí. "Á... á dúró de omi, sà."

Ẹ̀rín pa wá kú. Àní onílé pàápàá rẹ́rìn-ín, kó tó rántí pé òun là ń fi rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá mọṣẹ́, èyíun ò ní àríyànjiyàn. Àléébù kan ni wọ́n ní: wọn kì í ṣàlàyé fún onílé. Tó bá sì wá di ìdí ẹ́ẹ̀tì, ẹnu wọn á pa dé pátápátá. Wọn á fi ojú sí kòtò, wọn á máa da iyọ̀ sí i ní díẹ̀díẹ̀, wọn á sì máa kùn orin ìjọ lábẹ́ ẹ̀mí, hùn-ùn, hùn-ùn. Onílé á bi wọ́n pé, "Ọ̀gá oníná, kí ni tiyọ̀?" Wọ́n á fọwọ́ júwe pé kó máa lọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan, igi òòlù ló dá mi lóhùn.

Ìgbà tí a gba òmìnira, tí kòkó sì ń pa owó, ni Alàájì kan ní abúlé kan lẹ́yìn Ìrókò ra ẹ́ńjìnnì iná. Mo ti gba òmìnira tèmi náà nígbà náà, ṣùgbọ́n èmi àti Ọ̀gá ṣì jọ ń ṣiṣẹ́. Iná ìjọba ò tíì débẹ̀ rárá, nítorí náà lálẹ́, ilé wọn di ibi ìran. Alàájì ra fíríìjì, torí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ìyàwó kékeré, Rábíátù, ọmọ Olódò, aránṣọ, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀ láìsí bàtà rọ́bà. Ìyálé ilé, Ìyá Mufú, obìnrin oko paraku ni: ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n ń rìn, ẹnu wọn sì mú.

Ilẹ̀ abúlé náà, yangí ni. Nítorí náà, àwo bàbà ni a máa sin. Ọ̀gá wo yíká ilé, wọ́n mú ẹ̀yìn yàrá Rábíátù, torí pé omi balùwẹ̀ ń ṣàn gba ibẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Ọ̀sán gangan la gbẹ́ kòtò. A tẹ́ àwo, a da èédú, Ọ̀gá ń fi iyọ̀ wọ́n ọn, wọ́n ń kùn hùn-ùn, hùn-ùn. Mo gbójú sókè, mo rí Ìyá Mufú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ọwọ́ wọn wà ní ìbàdí. Mo kí wọn, wọn ò jẹ́ mi. Mo rò pé oòrùn ló mú wọn.

Oṣù díẹ̀ kọjá. Ọyẹ́ dé, ni dírẹ́bà Alàájì bá já wọ ṣọ́ọ̀bù ní Olódò: "Ẹ wá o! Fíríìjì ti ń gbé èèyàn!"

Nígbà tí a débẹ̀, ìpàdé mọ̀lẹ́bí la bá. Gbogbo wọn jókòó lábẹ́ igi ọsàn, Rábíátù dá dúró ní tirẹ̀ pẹ̀lú àpótí tí wọ́n ti fi okùn dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, oyún inú rẹ̀ sì ti hàn. Wọ́n ní àjẹ́ ni, wọ́n fẹ́ dá a padà sílé bàbá rẹ̀. Ó ti sunkún títí, omi ojú ti tán. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Ìyá Mufú ni ẹjọ́ wà lẹ́nu wọn. "Ọ̀gá oníná, ẹ bá wa gbọ́ o! Mo fọwọ́ kan fíríìjì yìí, ó gbé mi. Mufú fọwọ́ kàn án, ó gbé e ṣánlẹ̀. Ìyá Alàájì, arúgbó tó kàn ní kí òun mu omi tútù, ó gbé wọn! Ìyàwó yìí nìkan ló ń wọlé tó ń jáde, tó ń ṣí i, tó ń pa á dé, kò gbé e rí. Fíríìjì tó mọ orogún yàtọ̀! Ẹ ti gbọ́ irú ẹ̀ rí?"

"Ìyáà mi, mi ò mọ nǹkan kan, mo fi Ọlọ́run búra," ni Rábíátù wí.

"Fíríìjì mọ̀!"

Alàájì ń fa irùngbọ̀n wọn bí ẹni tó fẹ́ fà á tu. Ọkọ tó wà láàárín orogún méjì, mi ò bá a jowú.

Ọ̀gá ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Wọ́n mú gílóòbù tí a fi ń dán nǹkan wò, èyí tó ní wáyà méjì. Wọ́n fi ẹnu wáyà kan kan ara fíríìjì, wọ́n fi ìkejì kan ilẹ̀ tútù ilé ìdáná. Gílóòbù tàn yòò. Gbogbo èèyàn sá sẹ́yìn. Ọ̀gá wá wo ilẹ̀, wọ́n wo ẹsẹ̀ Rábíátù, wọ́n ní, "Ìyàwó, ẹ bọ́ bàtà yẹn fún Jímọ̀."

Bàtà rọ́bà yẹn kéré débi pé gìgísẹ̀ mi ò ríbi wọ̀, ìka ẹsẹ̀ ni mo fi dúró lé e bí adìyẹ. Ọ̀gá ní, "Ẹ̀yìn ọwọ́!" Mo di ojú, mo pe Ọlọ́run, mo kàn án. Kò ṣe mí ní nǹkan kan.

"Áà!" Ìyá Mufú pàtẹ́wọ́. "Wọ́n ti lẹ̀dí àpò pọ̀! Ó ti fún oníná náà ní nǹkan jẹ!"

Ìyá Alàájì ló dìde. Arúgbó náà ní kí n bọ́ bàtà. Wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n rìn gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ dé ìdí fíríìjì. Kí Ọ̀gá tó ké pé ẹ̀yìn ọwọ́, wọ́n ti ṣí i, wọ́n gbé omi, wọ́n mu ún. Wọ́n gùfẹ̀. Wọ́n ní, "Bàtà ni. Ẹ jẹ́ kí n rí bàtà tèmi rà." Iná ń wá ọ̀nà ilẹ̀ lọ ni, ẹsẹ̀ lásán tó tutù ni ọ̀nà, rọ́bà kò sì jẹ́ kó rí ọ̀nà gbà.

Ọ̀gá pa ẹ́ńjìnnì. Inú fíríìjì, eku ti jẹ ara wáyà kan, wáyà náà sì fara kan irin. Èyíun ò yẹ kó dá wàhálà sílẹ̀, fíúsì ló yẹ kó já. Ẹ́ẹ̀tì ńkọ́? A tọ wáyà rẹ̀ lọ sẹ́yìn yàrá Rábíátù. Wáyà ti gé. Kòtò ti di ebè, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ló hù sórí rẹ̀, ó sì dára lójú.

"Ta ló wú ẹ́ẹ̀tì mi?" Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu Ọ̀gá rí.

Ìyá Mufú wá bọ́ síwájú. Wọn ò bẹ̀rù rárá.

"Èmi ni. Èmi ni mo wú u. Ẹ bi mí pé kí ló dé? Ẹ wọ inú ilé tèmi, ẹ gbẹ́lẹ̀ sẹ́yìn yàrá orogún mi, ẹ da èédú sí i, ẹ da iyọ̀ sí i, ẹ sin bàbà sí i, ẹ so okùn mọ́ ọn tó wọ inú ilé lọ. Mo ń wò yín, ẹ ń pọfọ̀ lé e lórí, hùn-ùn, hùn-ùn! Mo bi ara mi lọ́kàn pé kí lèyí? Ẹ ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, bó bá jẹ́ yín, kí lẹ máa pè é? Mo wú u, mo jù ú sódò tó ń ṣàn, bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan burúkú!"

Àwọn àgbà kan ń mi orí. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n mo wo Ọ̀gá, mo gbé e mì. Ọ̀gá ṣí fìlà.

"Ìyálé," ni wọ́n wí, "ẹ jàre mi."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Mi ò rí kí Ọ̀gá Àjàyí sọ ìyẹn fún ẹ̀dá alààyè kankan ṣáájú ọjọ́ náà. A ra bàbà mìíràn, a pe gbogbo ilé jọ, ọmọdé àtàgbà. Ọ̀gá ń ṣàlàyé, òógùn ń bò wọ́n. Ìyá Mufú fúnra wọn ló da iyọ̀. Nígbà tí a tún wáyà inú fíríìjì ṣe tán, Ọ̀gá mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹnu wáyà kan ara irin kan tí a ti so mọ́ ẹ́ẹ̀tì. Fíúsì já, pá! Ìyá Mufú fò sókè, wọ́n ní, "Ó ti kú!" Ọ̀gá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Fíúsì ló kú, kí ẹ̀yin má baà kú."

A rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Alàájì yíjú sí Rábíátù, wọ́n ní kó gbé àpótí wọlé. Ó ní rárá.

"Ẹ ti di ẹrù mi. Iná gbé yín, ẹ pè mí ní àjẹ́. Lọ́la, tí ọmọ inú mi bá ké lóru, kí lẹ máa pe òun náà?" Ó sọ fún dírẹ́bà kó gbé òun lọ sí Olódò. Kò wẹ̀yìn.

Alàájì rán èèyàn lọ bẹ̀bẹ̀, wọn ò gbà. Wọ́n lọ fúnra wọn, bàbá Rábíátù, ẹlẹ́pákó tó ga bí igi tó ń là, ò ní kí wọ́n jókòó. Àwa ṣáà ń bá iṣẹ́ tiwa lọ. Ìgbà yẹn náà ni irinṣẹ́ ń yí padà. Ìlu ọlọ́wọ́ tí a fi ń dá ògiri lu, tó máa ń dá mi léjìká, ń kógbá sílé. Wáyà oníke ń gba ipò oníròbà dúdú tí eku fẹ́ràn. Wọ́n kó ẹ̀rọ kékeré kan dé tó ní abẹ́rẹ́ tó ń mì nínú gíláàsì, òun ló ń sọ bí ẹ́ẹ̀tì ṣe dára tó. Súìṣì kan tún dé tó máa ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá ti yà sínú ẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan òun náà ná, wọ́n ní, "Yóò sọ yín di ọ̀lẹ." Ṣùgbọ́n wọ́n rà á. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé, láti ọjọ́ ilé Alàájì, a ò gbẹ́ kòtò kan mọ́ láìkọ́kọ́ pe onílé, ìyálé àti ìyàwó.

Ni Ìyá Mufú bá dé sí ṣọ́ọ̀bù wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Aṣọ gidi ni wọ́n wọ̀. Wọn ò kí wa dáadáa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: "Orin tẹ́ ẹ̀ ń kùn ló kó mi sí ọ̀ràn yìí. Ẹ dìde. Ẹ wá bá mi ṣàlàyé fún bàbá ọmọ."

Ọ̀gá wò mí, mo wo Ọ̀gá. A dìde.

Bàbá Rábíátù jókòó sáàárín pákó, Rábíátù wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ikùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ọ̀gá la ẹnu, orin ìjọ ló jáde, hùn-ùn, hùn-ùn. Ìyá Mufú ranjú mọ́ wọn. Ọ̀gá wá ní, "Jímọ̀, ṣàlàyé." Mo ṣàlàyé. Mo sọ ti ẹ́ńjìnnì, mo sọ ti fíríìjì, mo sọ bí iná ṣe ń wá ọ̀nà àtipadà, mo sọ ti eku, mo sọ ti ilẹ̀ tútù. Mi ò ṣàlàyé iṣẹ́ mi dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá gbọ́ mi tán. "Ìyẹn ni pé bàtà ni?"

"Bàtà ni, sà."

"Bàtà ni wọ́n fi pe ọmọ mi ní àjẹ́."

Ìyá Mufú ló bọ́ sí àárín. Wọ́n tú gèlè, wọ́n sì kúnlẹ̀, ìyálé níwájú ìyàwó. Ìyàwó mi tí mo fẹ́ láti Ìrókò kò gbà mí gbọ́ títí dòní pé mo fojú mi rí i.

"Rábíátù," ni wọ́n wí, "ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ wọlé ni inú ti ń bí mi. Kì í ṣe fíríìjì. Mo ń wá nǹkan tí màá rí dì mú, mo sì rí i. Fíríìjì ti ṣíwọ́. Èmi náà ti ṣíwọ́."

Rábíátù yípadà, ó wọlé lọ, ilẹ̀kùn pa dé. Bàbá ẹlẹ́pákó ń wo ilẹ̀. Mo ti ń ronú bí a ṣe máa dìde níbẹ̀ láìfi ìtìjú kú, nígbà tí ilẹ̀kùn tún ṣí. Àpótí náà ló ń tì bọ̀ lórí ilẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tì í díẹ̀, ó sinmi díẹ̀.

"Ẹ dìde ńlẹ̀, ìyáà mi," ó ní. "Ó wúwo, oyún ò sì jẹ́ kí n gbé e."

Mo sáré síwájú láti gbé e. Ìyá Mufú gbá ọwọ́ mi kúrò, wọ́n gbé àpótí náà ka orí, wọ́n sì rù ú dé ìdí mọ́tò.